Ìpìlẹ̀ Iṣẹ́ Lílu Kànga Epo: Ohun Tó Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kọ́kọ́ Mọ̀

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bó ṣe yẹ ká máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ lílu kànga epo. Mo máa sọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí: kí ènìyàn mọ bí a ṣe ń fi ìfúnpá kan dá ìfúnpá mìíràn dúró nínú ihò tí ojú kò lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ríìgì tí wọ́n fi ń lu kànga, páìpù, símẹ́ǹtì, fáàfù, ohun kan yìí ni gbogbo wọn ń sìn. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n, kíákíá ni yóò mọ ìyókù. Ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n, bó há orúkọ gbogbo irin tó wà lórí ríìgì sórí, ewu ni fún ara rẹ̀ àti fún àwọn tó bá bá a ṣiṣẹ́. Mo sì gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà tàbí ní Okókómaikò, ní Èkó níbí, lè rí ìpìlẹ̀ yìí kedere kó tó fojú kan ríìgì epo, torí pé lẹ́yìnkùlé wa ni wọ́n ti ń lu bọ́họ̀ọ̀lù, ìyẹn kànga omi. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

EPO KÒ JÌNNÀ SÍ WA

Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ló rò pé Niger Delta nìkan ni ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì kàn. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti kọ́kọ́ lu kànga láti wá epo ní Nàìjíríà. Ní 1908, iléeṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, tí John Simon Bergheim ṣe olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní agbègbè Araromi àti Agbábù, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Ọ̀dà bítúmẹ́ẹ̀nì ni wọ́n bá pàdé, wọn kò rí epo tó tó tà. Bergheim kú ní 1912. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró.

Iléeṣẹ́ Shell D'Arcy ló tún gbé iṣẹ́ náà ní ọdún díẹ̀ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1951, wọ́n lu kànga kan ní Iho, lẹ́bàá Owerri, tó jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 11,000 lọ, wọn kò bá nǹkan kan níbẹ̀ tó ṣe é tà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní Oloibiri, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Bayelsa, kànga tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 12,008 fún wọn ní epo tí wọ́n ń wá. Láti 1908 dé 1956 jẹ́ ọdún méjìdínláàádọ́ta. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fi ìyẹn sọ́kàn: iṣẹ́ tó ń gba sùúrù ni ẹ fẹ́ kọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Ìyànà-Ìbà, tó gba Okókómaikò, Ìjànikín àti Badagry kọjá, Sèmè ló máa já sí. Nínú òkun tó wà níwájú Sèmè, lápá ti Orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n rí epo ní 1968. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á jáde ní 1982, wọ́n sì fà á títí di 1998. Lápá tiwa, nínú òkun Badagry, wọ́n rí pápá epo Ajé ní 1996. Oṣù karùn-ún ọdún 2016 ni epo àkọ́kọ́ jáde níbẹ̀, oṣù náà ni Ìpínlẹ̀ Èkó sì di ìpínlẹ̀ tó ń mú epo jáde.

Inú agbada ilẹ̀ kan náà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Dahomey Basin, ni Sèmè, Ajé àti bítúmẹ́ẹ̀nì Agbábù wà. Ìpele òkúta ayé àtijọ́ tó yọ sójú ilẹ̀ ní agbègbè Abẹ́òkúta ń rì wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ sí etí òkun. Òkúta ẹfun Ewékorò, tí wọ́n fi ń ṣe símẹ́ǹtì, wà lórí rẹ̀. Iyanrìn tí a ti ń fa omi mu ní Ọ̀tọ̀-Àwórì, ládùúgbò wa níbí, ló wá wà lókè pátápátá. Àwọn ìpele iyanrìn tí epo Ajé ti ń jáde nísàlẹ̀ òkun, ẹgbẹ́ àwọn ìpele àtijọ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n. Nítorí náà, ẹni tó ń lu bọ́họ̀ọ̀lù ní Ìbà àti ẹni tó ń lu kànga epo ní Ajé, inú agbada kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Jíjìn ni ti èkejì fi jìn jù.

OHUN TÍ À Ń RÍ LẸ́YÌNKÙLÉ

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń lu bọ́họ̀ọ̀lù ládùúgbò wa. Wọ́n á na irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúró, wọ́n á so páìpù irin kọ́ ọ. Irin ìlu, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bíìtì, wà lẹ́nu páìpù náà nísàlẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á gbẹ́ kòtò kékeré kan, wọ́n á po omi àti amọ̀ bẹntonáìtì sínú rẹ̀ títí tó fi máa ki díẹ̀. Mọ́ọ̀dù nìyẹn. Pọ́ọ̀mpù á máa fà á láti inú kòtò, á máa tì í gba inú páìpù lọ sísàlẹ̀. Á jáde lẹ́nu bíìtì, á gbé iyanrìn tí bíìtì gé, á sì gba ẹ̀gbẹ́ páìpù gòkè padà. Iyanrìn á rọ̀ sílẹ̀ nínú kòtò, mọ́ọ̀dù á tún lọ. Ọ̀gá wọn á máa bu iyanrìn tó ń jáde sí àtẹ́lẹwọ́, á fi àtàǹpàkò rà á, á wò ó bóyá amọ̀ ni, bóyá iyanrìn kúnná ni, tàbí iyanrìn tó ní hóró tó lè fún ilé náà lómi. Nígbà tí páìpù kan bá wọlẹ̀ tán, wọ́n á so òmíràn mọ́ ọn.

Ọ̀pọ̀ ohun tó wà lórí ríìgì epo ló wà níbẹ̀. Ilé irin gíga tí wọ́n ń pè ní dẹ́ríkì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn ló dàgbà. Kòtò mọ́ọ̀dù ti di àwọn táńkì ńláńlá, ajọ̀ tó ń gbọ̀n sì wà tó ń sẹ́ ègé òkúta kúrò nínú mọ́ọ̀dù. Ọ̀gá tó ń ra iyanrìn lọ́wọ́ ti di onímọ̀ òkúta tó ń fi awò wo ègé náà. Páìpù kan gùn tó nǹkan bí ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n ṣì ń so wọ́n mọ́ra wọn bí ihò ṣe ń jìn sí i ni.

Ìbéèrè tó yẹ kí olùkọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ nìyí: kí ló dé tí ihò yẹn kò ya? Iyanrìn ni, omi sì wà nínú rẹ̀, kò sí késìn, ìyẹn páìpù irin tí wọ́n ń rì mọ́ ara ihò, tó gbé e ró. Ohun tó dá a dúró ni mọ́ọ̀dù. Mọ́ọ̀dù wúwo ju omi lọ, nítorí náà ó ń ti ara ihò láti inú. Bẹntonáìtì inú rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ara ihò bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí mọ́ọ̀dù kò fi ní máa jò lọ sínú iyanrìn. Ẹ gbọ́ iye rẹ̀. Nínú ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 200, omi lásán ń ti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìfúnpá nǹkan bí pọ́n-ùn 87 lórí ínṣì onígun mẹ́rin kan, èyí tí wọ́n ń kọ ní psi. Mọ́ọ̀dù tó wọn pọ́n-ùn 9 fún gálọ̀nù kan ń ti í pẹ̀lú psi 94. Psi méje péré ni ìyàtọ̀ wọn. Òun ló ń bá wa gbé ihò náà ró. Tí àwọn oníṣẹ́ bá jẹ́ kí mọ́ọ̀dù ṣàn jù, tàbí tí wọ́n fa páìpù jáde láì bu mọ́ọ̀dù kún ihò, ihò á ya, páìpù á há, owó onílé á wọgbó.

NỌ́ŃBÀ TÓ YẸ KÍ AKẸ́KỌ̀Ọ́ FÚNRA RẸ̀ WÁ RÍ

Báwo la ṣe mọ iye psi yẹn? Ọ̀pọ̀ ìwé lílu kànga ló ní ìlànà kan: ẹ fi 0.052 sọ ìwúwo mọ́ọ̀dù di púpọ̀, ní pọ́n-ùn fún gálọ̀nù kan, kí ẹ tún fi jíjìn ihò ní ẹsẹ̀ bàtà sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí ìfúnpá ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló há 0.052 sórí, tí wọ́n sì gbé e jáde yunifásítì láì mọ ibi tó ti wá.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti fi hàn wọ́n. Ẹ ya àpótí kan sójú pátákó, kó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Gálọ̀nù Amẹ́ríkà 7.48 ló máa gbà. Tí ohun olómi inú rẹ̀ bá wọn pọ́n-ùn kan fún gálọ̀nù kan, gbogbo rẹ̀ wọn pọ́n-ùn 7.48. Ìdí àpótí náà jẹ́ ínṣì 12 lọ́nà 12, ìyẹn ínṣì onígun mẹ́rin 144. Ẹ pín 7.48 sí ọ̀nà 144. 0.052 ló máa jáde. Láti ọjọ́ náà lọ, akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún kò tún ní gbàgbé rẹ̀ mọ́, tí wọ́n bá sì fi mítà àti kìlógíráàmù bi í léèrè, ó mọ bó ṣe máa tún un ṣe.

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikín níbí. Físíìsì ilé ẹ̀kọ́ girama ni ìfúnpá inú omi. Olùkọ́ físíìsì tí ẹ bá kọ́ dáadáa lónìí, òun ni yóò kọ́ ọmọ tó máa di ẹnjiníà lọ́la. Tí ìpìlẹ̀ bá ti mẹ́hẹ ní girama, yunifásítì kàn ń kọ́lé lórí iyanrìn ni.

Ọ̀NÀ TÓÓRÓ

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ bàtà 10,000. Àwọn kan rò pé adágún ni epo wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Inú ihò wínníwínní ara òkúta ló wà, bí omi ṣe ń wà nínú kànìnkànìn, ẹrù gbogbo òkúta tó wà lókè sì ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ìfúnpá epo àti gáàsì tó wà níbẹ̀ jẹ́ psi 5,000. Mọ́ọ̀dù wa wọn pọ́n-ùn 10 fún gálọ̀nù kan. 0.052 lọ́nà 10 lọ́nà 10,000 jẹ́ 5,200. A fi psi 200 ju ilẹ̀ lọ. Ara tù wá.

Tí ẹnìkan bá jẹ́ kí omi wọ mọ́ọ̀dù tó fi di 9.5, ìfúnpá wa á bọ́ sí 4,940. Ilẹ̀ ti fi 60 jù wá lọ. Gáàsì á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Tí a bá ṣírò ti ìfúnpá nìkan, bárẹ̀lì gáàsì kan tó wọlé ní psi 5,000 á di nǹkan bíi bárẹ̀lì 340 nígbà tó bá dé òkè. Bó ṣe ń gòkè ló ń fẹ̀, bó ṣe ń fẹ̀ ló ń ti mọ́ọ̀dù jáde, bí mọ́ọ̀dù ṣe ń dín kù ni gáàsì ń rí àyè wọlé sí i. Bí kànga ṣe ń fọ́ nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ pé, "Ṣebí ká kúkú jẹ́ kí mọ́ọ̀dù wúwo gan-an?" Òkúta tó wà lókè kò lágbára tó ti ìsàlẹ̀. Tí mọ́ọ̀dù bá wúwo jù, á fọ́ òkúta náà, á sì máa jò wọ inú rẹ̀. Ká ní mọ́ọ̀dù wa tó wọn 10 yẹn ti wúwo jù fún òkúta náà, ó kàn nílò kí mọ́ọ̀dù inú ihò lọ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 400. Ẹ ṣírò rẹ̀: 0.052 lọ́nà 10 lọ́nà 9,600 jẹ́ 4,992. Ilẹ̀ tún ti jù wá lọ. Ẹni tó wúwo jù àti ẹni tó fúyẹ́ jù, ibì kan náà ni wọ́n máa pàdé.

Àárín méjèèjì ni ọ̀nà tóóró tí ẹnjiníà ń gbà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lu kànga ní ìpele-ìpele. Wọ́n á lu díẹ̀, wọ́n á sọ késìn irin wọlé, wọ́n á da símẹ́ǹtì sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti bo òkúta tí kò lágbára àti omi mímu àwọn ará ìlú, kí wọ́n tó fi mọ́ọ̀dù tó wúwo jù lọ síwájú. Àwọn tó ń lu bọ́họ̀ọ̀lù lẹ́bàá ọ̀sà mọ èyí dáadáa. Níbi tí omi iyọ̀ bá wà lókè, tí omi dídùn wà nísàlẹ̀, páìpù àti símẹ́ǹtì ni wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn fáàfù ńlá tó wà lẹ́nu kànga, tó lè dé e pa, ìgbẹ́yìn ààbò ni wọ́n. Mọ́ọ̀dù ni ààbò àkọ́kọ́.

Ẹ̀KỌ́ TÍ WỌ́N FI Ẹ̀MÍ RÀ

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹrin ọdún 2010, ríìgì Deepwater Horizon bú gbàù nínú òkun Gulf of Mexico. Ènìyàn mọ́kànlá kú. Ọjọ́ 87 ni epo fi ń tú sínú òkun. Símẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ kànga kò di epo àti gáàsì mọ́lẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń dùn mí jù ni pé kànga ti sọ̀rọ̀ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò ìfúnpá. Òdo ló yẹ kí géèjì tó wà lórí páìpù kà, psi 1,400 ló kà. Wọ́n wá àlàyé kan tó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Wọ́n mọ orúkọ gbogbo irin orí ríìgì náà. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọn kò bọ̀wọ̀ fún.

Nílé wa níbí, nínú òkun Ìlàjẹ, lẹ́bàá Awóyè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kànga kan ní pápá Ororo bú ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, ó sì gbiná. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni iná náà ń jó lójú omi, nínú agbègbè tí àwọn apẹja ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ẹ̀yin Àwórì àti Ẹ̀gùn tí ẹ ń ná omi láti Ọ̀jọ́ dé Badagry, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Tí kànga bá fọ́ nínú òkun, àwọ̀n ló ń kọ́kọ́ gbẹ. Nítorí náà, ìmọ̀ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ti olówó oṣù nìkan. Ààbò ìlú ni.

BÓ ṢE YẸ KÁ KỌ́ Ọ

Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀wò.

Àkọ́kọ́, kí ọjọ́ kìíní ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ ìdí bọ́họ̀ọ̀lù. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ti wà ní Ọ̀jọ́ láti 1983, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ sì wà ní Ẹ̀pẹ́. Méjèèjì ló wà lórí iyanrìn etí òkun, kò sí èyí tí bọ́họ̀ọ̀lù jìnnà sí nínú wọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró ti àwọn tó ń lu ú láti àárọ̀ títí tí omi fi máa mọ́. Kó kọ iye páìpù tó wọlẹ̀. Kó bu iyanrìn sínú ọ̀rá ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá-mẹ́wàá, kó sì kọ jíjìn rẹ̀ sí i lára. Kó wọn mọ́ọ̀dù. Kó máa pe ọ̀gá tó ń lu bọ́họ̀ọ̀lù ní ọ̀gá, torí pé ọ̀gá ni lóòótọ́.

Ìkejì, kí ọwọ́ wọn kan mọ́ọ̀dù ní yàrá àyẹ̀wò, kò sì nílò owó gọbọi. Àrọ tí wọ́n ń pè ní Marsh funnel ń wọn bí mọ́ọ̀dù ṣe ki tó: omi lásán tó tó kúọ̀tì kan ń jáde nínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 26, mọ́ọ̀dù sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n mọ́ọ̀dù ń sọ ìwúwo rẹ̀. Gíráàmù 22.5 bẹntonáìtì nínú mìlílítà 350 omi ni àwọn iléeṣẹ́ fi ń dán bẹntonáìtì wò. Ìdí tí wọ́n fi mú 350 ni pé gíráàmù kan nínú rẹ̀ dúró fún pọ́n-ùn kan nínú bárẹ̀lì kan lórí ríìgì. Nínú ife kan, akẹ́kọ̀ọ́ lè po mọ́ọ̀dù odindi kànga. Kó fi iyọ̀ sí i, kó wo bó ṣe ń bàjẹ́. Kó fi báráìtì, ìyẹ̀fun òkúta tó wúwo, sí i, kó wo bó ṣe ń wúwo.

Ìkẹta, ká yí ìdánwò padà. Ìbéèrè tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ to orúkọ apá mẹ́wàá ríìgì kò fi ohunkóhun hàn ju agbára ìrántí lọ. Ẹ bi í báyìí: "Mọ́ọ̀dù inú táńkì lé pẹ̀lú bárẹ̀lì 10, ẹnikẹ́ni kò fi kún un, pọ́ọ̀mpù kò yí padà. Kí lo máa ṣe ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i?" Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ní òun á dá lílu dúró, òun á gbé bíìtì kúrò nísàlẹ̀, òun á pa pọ́ọ̀mpù, òun á wò ó bóyá kànga ṣì ń ṣàn. Tó bá ń ṣàn, òun á ti fáàfù pa, òun á ka ìfúnpá, òun á wá fi ìyẹn ṣírò ìwúwo mọ́ọ̀dù tuntun. Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ síwájú.

Ìkẹrin, kí oṣù tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ètò SIWES má ṣe di oṣù ká máa ra oúnjẹ fún ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Òfin tó fún ọmọ Nàìjíríà láǹfààní nínú iṣẹ́ epo ti wà láti 2010. Òfin lè ṣílẹ̀kùn, kò lè bá wa ṣírò ìfúnpá. Tí ọmọ kò bá rí ríìgì epo lọ, kó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lu kànga omi fún ilé ìwòsàn àti iléeṣẹ́. Iṣẹ́ gidi ni, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì lè kún.

Àwọn òbí kan ti ń bi ara wọn pé, "Tí ayé bá pa epo tì ńkọ́?" Ìbéèrè tó yẹ ni. Ní Olkaria, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, kànga ni wọ́n lu wọ inú ilẹ̀ gbígbóná tí wọ́n fi ń fi oru rẹ̀ ṣe iná mànàmáná láti 1981. Omi mímu ń fẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ kànga, bẹ́ẹ̀ náà ni pípa àwọn kànga epo àtijọ́ dé dáadáa kí wọ́n má baà dà bíi ti Ororo. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tóóró yẹn kò ní wáṣẹ́ tì.

Ẹ̀yin aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ àti ti yunifásítì, mo bẹ̀ yín, ẹ ra àrọ àti òṣùwọ̀n mọ́ọ̀dù fún àwọn ọmọ wọ̀nyí kí ẹ tó ronú àtikọ́ ilé alájà. Ẹ̀yin oníṣẹ́ bọ́họ̀ọ̀lù Ọ̀tọ̀-Àwórì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wá bá yín pẹ̀lú ìwé àti ọ̀rá iyanrìn, ẹ má lé wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bu iyanrìn sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sì kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń rà á. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, tí géèjì bá ka ohun tí ẹ kò retí, ẹ dá iṣẹ́ dúró kí ẹ tó wá àlàyé, ì báà jẹ́ ọ̀gá yín ló ní kí ẹ máa bá a lọ. Ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé ọwọ́ kúrò lórí fáàfù.